Bí ẹ ṣe lè ṣe ìwádìí ìlera àdúgbò tí ìṣirò ẹ̀ á dúró: àpẹẹrẹ nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn n'Ádó-Èkìtì

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bá ti pín fọ́ọ̀mù, tí wọ́n ti gbà á padà tán, ni wọ́n tó máa ń wá ẹni tó mọ SPSS (ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò ìwádìí) kiri ìlú, wọ́n á ní kó bá àwọn ṣe ìṣirò ẹ̀. Ó ti pẹ́ jù nígbà yẹn jàre. Tí ẹ bá bi àwọn tí kò yẹ kẹ́ ẹ bi, tàbí ìbéèrè yín wọ́, kò sí kọ̀ǹpútà tó lè tún un ṣe. Torí náà ibi tí iṣẹ́ pọ̀ sí gan-an ni màá ti pẹ́.

Àkọ́kọ́, ẹ kọ ìbéèrè kan pàtó sílẹ̀. "Ìwádìí lórí ibà l'Ékìtì" kì í ṣe ìbéèrè. Ẹ kọ ọ́ báyìí: nínú àwọn ọmọ tí ò tíì pé ọdún 5 n'Ádó, mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ló sùn nínú nẹ́ẹ̀tì lálẹ́ àná, ṣé àwọn tí ìyá wọn kàwé sì pọ̀ jù níbẹ̀? Ẹ wò ó, ẹni tẹ́ ẹ ń wá, ibi tó wà àti ohun tẹ́ ẹ máa kà ti hàn níbẹ̀. Ìgbà kan ṣoṣo lẹ máa bi wọ́n, bí nǹkan ṣe rí lásìkò yẹn nìkan ló máa sọ fún yín, kò lè sọ pé nẹ́ẹ̀tì ló lé ibà lọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìyẹn á ní láti máa tẹ̀ lé àwọn ọmọ náà fún ìgbà pípẹ́.

Kẹ́ ẹ tó bi ẹnikẹ́ni, ẹ gba ìwé àṣẹ ethics o, ìyẹn ti ìgbìmọ̀ tó ń wò ó pé ìwádìí yín ò ní pa ẹnikẹ́ni lára. EKSUTH, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì n'Ádó, ní ìgbìmọ̀ tiẹ̀, ti ilé ìwòsàn ńlá ìjọba àpapọ̀ n'Ídó náà ní. Kẹ́ ẹ sì lọ kí olórí àdúgbò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á ní owó orí lẹ wá gbà.

Èèyàn mélòó? Tí ẹ ò bá mọ iye tó ń lò ó tẹ́lẹ̀, ẹ fi í sí ìdajì, kẹ́ ẹ fàyè sílẹ̀ fún àṣìṣe 5 nínú ọgọ́rùn-ún: 1.96 × 1.96 × 0.5 × 0.5, ẹ wá fi 0.05 × 0.05 pín in, ó jẹ́ 384.16, ẹ pè é ní 385 (1.96 ni nọ́ńbà tí wọ́n ń lò tí wọ́n bá fẹ́ ìdánilójú 95 nínú ọgọ́rùn-ún). Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń dúró sí. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé àdúgbò àdúgbò lẹ máa mú wọn, àwọn ará àdúgbò kan náà máa ń jọra, torí ibi tí wọ́n bá ti pín nẹ́ẹ̀tì, gbogbo ilé ló máa ní in, ìdí nìyẹn táwọn èèyàn fi ń sọ ọ́ di ìlọ́po 1.5 tàbí 2. Ìlọ́po 1.5 jẹ́ 578. Ẹ fi 0.9 pín in nítorí àwọn tó máa kọ̀, ó di 643. Ó pọ̀, mo mọ̀.

Yíyàn wọn ló kàn, ibí yìí ni wàhálà wà. Ẹ má lọ dúró l'Ọ́jà Ọba kẹ́ ẹ máa bi ẹni tó bá ń kọjá. Ẹ má sì lọ jókòó síbi tí wọ́n ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, torí àwọn ìyá tó ń wá síbẹ̀ ti gbọ́ ìwàásù nọ́ọ̀sì, ibẹ̀ ni òmíràn ti gba nẹ́ẹ̀tì gan-an. Ẹ kọ orúkọ gbogbo wọ́ọ̀dù sínú bébà pélébé, ẹ ká a, ẹ kó o sínú abọ́, ẹ ṣẹ́ gègé. Nínú wọ́ọ̀dù tó bá jáde, ẹ ṣẹ́ gègé àwọn àdúgbò ẹ̀. Tí àdúgbò yẹn bá ní ilé 60, tẹ́ ẹ sì fẹ́ 10, ẹ máa wọ ilé kẹfà-kẹfà, kẹ́ ẹ ṣẹ́ gègé láti 1 dé 6 kẹ́ ẹ tó mọ ilé tẹ́ ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá kan ilẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni ò dáhùn, ẹ padà wá lálẹ́, ẹ má kàn yà sílé tó tẹ̀ lé e, torí ẹni tó lọ sóko àti ẹni tó wà nílé lọ́sàn-án, ìgbé ayé wọn ò rí bákan náà.

Ẹ wá ṣọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń béèrè. "Ṣé ẹ ní nẹ́ẹ̀tì?" Gbogbo wọn á ní àwọn ní, òmíràn ṣì wà nínú ọ̀rá ẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, òmíràn ni wọ́n fi yí ata ká lẹ́yìnkùlé kí adìyẹ má bàa jẹ ẹ́. Ẹ béèrè pé "ta ló sùn nínú ẹ̀ lálẹ́ àná?", kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n fi hàn yín. Ẹ má sọ pé "ẹ ṣáà ń lò ó, àbí mọ́mì?", torí èyí tó máa dùn mọ́ àlejò nínú ni wọ́n máa fi dá yín lóhùn. Kí ẹni tó gbọ́ Èkìtì wà láàárín yín. Ẹ kọ́kọ́ dán fọ́ọ̀mù náà wò n'Íkẹ̀rẹ́, kì í ṣe n'Ádó. Kẹ́ ẹ sì bi gbogbo wọn lásìkò kan náà, torí ẹni tó ń sùn nínú nẹ́ẹ̀tì nígbà òjò lè ká a sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tí ooru bá mú.

Ìṣirò wá kàn. Ẹ kọ́kọ́ wá àṣìtẹ̀, bí ọmọ ọdún 45 nínú àwọn tí ò tíì pé 5. Epi Info, ètò kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ lè fi ṣe ìṣirò yìí, ọ̀fẹ́ ni. Ká ní ìyá 200 kàwé dé sẹ́kọ́ńdìrì, ọmọ 140 nínú tiwọn sùn nínú nẹ́ẹ̀tì, 200 míì ò kà dé bẹ̀, tiwọn jẹ́ 110. Ìyẹn 70% àti 55%. Chi-square, ìṣirò tó ń wò ó bóyá ìyàtọ̀ náà kọjá kòńgẹ́, jẹ́ 9.6, ó ju 3.84 tó jẹ́ ààlà, p-value (bó ṣe ṣeé ṣe tó kí irú ìyàtọ̀ báyìí wáyé tí kò bá sí ìyàtọ̀ gidi) ò sì pé 0.05, ó jọ pé kì í ṣe kòńgẹ́. Ìyàtọ̀ gidi lè wà láàárín nǹkan bí 6 sí 24 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn wúlò fún mi ju p-value lọ. Àmọ́ ṣé ìwé ni àbí owó? Ẹ pín wọn sí olówó àti aláìní, kẹ́ ẹ tún un kà láàárín ìpín kọ̀ọ̀kan. Ẹ sì sọ fún kọ̀ǹpútà pé àdúgbò lẹ fi yan wọn, ìdáhùn ẹ̀ lè yí padà.

Nínú ìjábọ̀, ẹ kọ iye tó kọ̀ láti dáhùn àti iye ilé tẹ́ ẹ lọ tí ẹ ò bá ẹnikẹ́ni, wọ́ọ̀dù sí wọ́ọ̀dù.