Bí mo ṣe pín èrè Piero, Polo àti Zuanne láìjẹ́ kí kọ́bọ̀ kan sọnù

Piero mú 112 ducat (owó Venice àtijọ́) wá, Polo mú 200, Zuanne mú 142. Wọ́n da owó pọ̀, wọ́n fi ṣòwò, èrè 563 ducat ni wọ́n sì bá nídìí rẹ̀. Èló ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, tí wọn ò fi ní rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ?

Ìbéèrè yìí wà nínú ìwé ìṣirò kan tí wọ́n tẹ̀ ní Treviso, ìlú kan tí kò jìnnà sí Venice ní Ítálì, lọ́dún 1478. Ó wà lára àwọn ìwé ìṣirò tó kọ́kọ́ gba abẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kọjá ní Yúróòpù. Òǹkọ̀wé rẹ̀ kò kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i. Ó kàn sọ pé àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ ṣòwò ló ń bẹ òun pé kí òun kọ ìṣirò sílẹ̀ fún wọn. Ìtumọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì tí David Eugene Smith ṣe ni mo fi jókòó ti ìbéèrè náà, bírò àti ìwé lásán lọ́wọ́ mi, nítorí mo fẹ́ mọ bí ọmọ ọjà ìgbà náà ṣe ń dé ìdí ìṣirò láìsí ẹ̀rọ.

Ìwé Francesco Pegolotti lókìkí ju èyí lọ láàárín àwọn tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ òwò àtijọ́. Òṣìṣẹ́ ilé òwò Bardi ti Florence ni, ní nǹkan bí ọdún 1340 ló sì to owó, òṣùwọ̀n àti ọjà ìlú kan tẹ̀ lé òmíràn, títí kan ọ̀nà tó lọ sí Ṣáínà. Mo fẹ́ràn ìwé náà gidigidi, àmọ́ ẹni tó ti mọ ìṣirò tẹ́lẹ̀ ló wà fún. Ti Treviso ló ń mú akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ dání.

Owó ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Nínú ìwé yìí, ducat kan jẹ́ grosso 24, grosso kan sì jẹ́ pizolo 32. Àwọn òbí wa tó náwó ní Nàìjíríà kí náírà tó dé ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1973 kò ní ṣe kàyéfì sí i. Ṣílè 20 ló ń ṣe pọ́n-ùn kan lọ́wọ́ wọn, kọ́bọ̀ 12 ló ń ṣe ṣílè kan. Àwọn ará Venice náà ní irú èyí gan-an: lira kan jẹ́ soldo 20, soldo kan jẹ́ denaro 12. Àwa tí ọgọ́rùn-ún kọ́bọ̀ ń ṣe náírà kan fún ni ọwọ́ wa kò mọ́ ọn mọ́.

Òfin ohun mẹ́ta ni wọ́n fi ń pín in. Nǹkan mẹ́ta lo mọ̀, ìkẹrin lo ń wá. Méjì nínú mẹ́ta yẹn jọra, ọ̀kan dá yàtọ̀. Sọ èyí tí o ń wá ìpín rẹ̀ di púpọ̀ pẹ̀lú èyí tó dá yàtọ̀, kí o wá fi èyí tó kù pín in. Àpapọ̀ owó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ 454. Bí 454 bá pa èrè 563, èló ni 112 Piero pa?

563 lọ́nà 112 jẹ́ 63,056. Kí n tó lọ síwájú, mo yẹ̀ ẹ́ wò bí àwọn náà ṣe máa ń yẹ̀ ẹ́ wò, nípa yíyọ mẹ́sàn-án kúrò, ìyẹn ni pé kí a máa ro àwọn nọ́ńbà tó wà nínú iye kọ̀ọ̀kan pọ̀ títí yóò fi ku ẹyọ kan. Ro 5, 6 àti 3 pọ̀, ó di 14. Ro 1 àti 4 pọ̀, ó di 5. 112 di 4. 5 lọ́nà 4 jẹ́ 20, ìyẹn 2. Wá ro 63,056 náà pọ̀: 20, ìyẹn 2. Ó bára mu. Àyẹ̀wò yìí yá, ó sì dára, ṣùgbọ́n èmi ò ní gbára lé òun nìkan, torí ẹni tó bá ṣèèṣì kọ 63,506 yóò ṣì rí 2 náà.

Ó wá ku pínpín. Ìwé náà kọ́ni ní ọ̀nà kan tí wọ́n ti ń fagi lé nọ́ńbà, tí wọ́n sì ń kọ èyí tó ṣẹ́kù sórí rẹ̀. Mo gbìyànjú rẹ̀, mo rí i pé ó ń ṣiṣẹ́, mo sì padà sí bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ìwé. 454 wọ inú 63,056 nígbà 138, ó ku 404. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ wa máa ń sọ pé kí a fi ìyókù sílẹ̀. Ìwé náà kò fi sílẹ̀. Ducat 404 yẹn ni wọ́n ṣẹ́ sí grosso: 404 lọ́nà 24, ó di 9,696. 454 wọ inú rẹ̀ nígbà 21, ó ku 162. Wọ́n tún ṣẹ́ 162 sí pizolo: lọ́nà 32, ó di 5,184. 454 wọ inú èyí nígbà 11, ó ku 190. Piero gba ducat 138, grosso 21, pizolo 11 àti ìdá 190 nínú 454 pizolo.

Ọ̀nà kan náà ni mo gbà fún àwọn yòókù. Polo gba ducat 248, kò ní grosso kankan, pizolo 13 àti ìdá 242. Zuanne gba ducat 176, grosso 2, pizolo 7 àti ìdá 22.

Ẹ wá bá mi dà wọ́n pọ̀, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. 190, 242 àti 22 jẹ́ 454 géérégé, ìyẹn odindi pizolo kan. 11, 13 àti 7 jẹ́ 31. Fi ọ̀kan yẹn kún un, ó di 32, grosso kan nìyẹn. 21 àti 2 jẹ́ 23. Fi ọ̀kan kún un, ó di 24, ducat kan nìyẹn. 138, 248 àti 176 jẹ́ 562. Fi ọ̀kan kún un, 563 pé pérépéré. Inú mi dùn débi pé mo tún un rò lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ìbéèrè tó wúlò jù fún wa lónìí ni ti Sebastiano àti Jacomo. Sebastiano fi ducat 350 sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1472. Jacomo kò dé títí di ọjọ́ kìíní oṣù Keje, ṣùgbọ́n ducat 500 àti grosso 14 ló mú wá. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1474, èrè wọ́n jẹ́ 622 ducat. Owó ẹnì kan ti ṣiṣẹ́ fún oṣù 24, ti ẹnì kejì fún 18. Nítorí náà, wọ́n á sọ owó kọ̀ọ̀kan di grosso, wọ́n á fi iye oṣù sọ ọ́ di púpọ̀: 8,400 lọ́nà 24 jẹ́ 201,600 fún Sebastiano, 12,014 lọ́nà 18 jẹ́ 216,252 fún Jacomo. Láti ibẹ̀, òfin ohun mẹ́ta náà ló kù. Sebastiano gba ducat 300, grosso 2, pizolo 8 àti díẹ̀. Jacomo gba ducat 321, grosso 21, pizolo 23 àti díẹ̀. Owó Jacomo fi ducat 150 àti grosso 14 ju ti ẹnì kejì rẹ̀ lọ, síbẹ̀ èrè rẹ̀ kò fi 22 jù ú.

Bí ìyá kan bá fi 300,000 náírà sínú òwò ẹ̀wà fún oṣù mẹ́fà, tí àbúrò rẹ̀ wá fi 450,000 kún un fún oṣù mẹ́rin péré, ọgbọọgba ni wọn yóò pín èrè, nítorí 1,800,000 ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan nígbà tí a bá ti ka oṣù mọ́ ọn. Mo ti rí ẹbí tí irú ọ̀rọ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ká, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ tí owó wọlé nìkan ni wọn ò kọ sílẹ̀.

Ohun kan ni mo ní sí ìbéèrè méjèèjì. Owó àti àkókò nìkan ló ní ìpín níbẹ̀. Ẹni tó ń jí lọ ra ọjà, tó ń ṣọ́ àpò kí kòkòrò má wọ̀ ọ́, kò gba nǹkan kan fún òógùn rẹ̀. Bí mo bá fẹ́ lò ó láàárín àwọn èèyàn mi, màá kọ́kọ́ yọ owó iṣẹ́ ẹni yẹn sọ́tọ̀, kí n tó fi òfin ohun mẹ́ta pín èyí tó kù.