Ibi Ni Kẹ́ Ẹ Kọ́kọ́ Wá: Bí A Ṣe Ń Tọpa Ìdílé Nínú Ìwé Àkọsílẹ̀ Írẹ́láńdì

Ohun tó máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni kéèyàn di orúkọ mú láìmọ ibi tí olórúkọ ti wá. Ká ní John Murphy lẹ̀ ń wá, tó wọkọ̀ òkun lọ sí Amẹ́ríkà ní 1850. Murphy ni orúkọ ìdílé tó wọ́pọ̀ jù ní Írẹ́láńdì, orúkọ tí wọ́n sì ń sọ ọmọ nígbà yẹn kò pọ̀: John, Patrick, Michael, Mary, Bridget, Catherine, àti díẹ̀ sí i. Bẹ́ ẹ bá tẹ orúkọ yẹn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ó rí ọ̀pọ̀lọpọ̀ John Murphy, ẹ ò sì ní mọ èyí tó jẹ́ tiyín. Ibi tí ẹnì kan ti wá ló ń yà á sọ́tọ̀ lára àwọn tó ń jẹ́ orúkọ kan náà. Torí náà, orúkọ townland ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá.

Townland ni ìpín ilẹ̀ tó kéré jù nínú ètò ilẹ̀ Írẹ́láńdì. Wọ́n lé ní 60,000, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ti wà kí àwọn Norman tó gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní 1169. Kì í ṣe ìlú, kì í sì í ṣe abúlé: òmíràn ní ilé mẹ́wàá, òmíràn kò ní ju pápá lọ. Townland wà nínú páríìṣì, páríìṣì wà nínú barony, barony wà nínú káńtì, káńtì sì jẹ́ 32. Ẹ kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ pa pọ̀, torí orúkọ townland kan náà lè wà ní káńtì mẹ́wàá.

Ìpín kan tún wà tó máa ń da èèyàn láàmú. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1838 nítorí àwọn aláìní pín orílẹ̀-èdè náà sí àwọn union, ìlú ọjà ni wọ́n fi ṣe àárín ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn ò sì wo ààlà káńtì. Nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í forúkọ ọmọ sílẹ̀, ìpín yìí náà ni wọ́n lò. Ìdí nìyẹn tí ọmọ tí wọ́n bí ní káńtì kan fi lè wà nínú ìwé ìlú tó wà ní káńtì kejì. Bẹ́ ẹ bá wá a títí tẹ́ ẹ ò rí i, ẹ wo union tó pààlà pẹ̀lú ibẹ̀.

Orílẹ̀-èdè tí ẹni náà ṣí lọ lẹ ti máa rí orúkọ townland rẹ̀, kì í sábà jẹ́ ní Írẹ́láńdì. Ẹ wo ìwé ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà ibẹ̀, òkúta orí sàréè, ìkéde òkú nínú ìwé ìròyìn, àti ìwé iṣẹ́ ológun. Ìwé ìròyìn Pilot ti Boston tẹ ìpolówó àwọn tó ń wá ará ilé wọn láti 1831 títí di 1921, ọ̀pọ̀ nínú ìpolówó náà ló sì dárúkọ páríìṣì tàbí townland. Ẹ má fi mọ sórí ẹni tẹ́ ẹ̀ ń wá nìkan. Ẹ wo àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀, ẹ wo àwọn tó bá a ṣe ẹlẹ́rìí. Ọwọ́ọ̀wọ́ làwọn ará àdúgbò kan náà sábà ń ṣí lọ.

Sípẹ́lì á wà láìgún. Akọ̀wé tí kò gbọ́ èdè Írẹ́láńdì ló ń kọ ohun tí etí rẹ̀ gbọ́. Ẹ pe ọ̀rọ̀ náà sókè, kẹ́ ẹ wá fi í wé èyí tó wà lórí logainm.ie, níbi tí wọ́n kó orúkọ ibi gbogbo jọ ní èdè méjèèjì.

Tẹ́ ẹ bá ti mọ ibẹ̀, ìwé ìkànìyàn 1901 àti 1911 ló kàn. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹta 1901 àti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 1911 ni wọ́n ka àwọn èèyàn. Méjèèjì ṣẹ́ kù lódindi, ọ̀fẹ́ sì ni lórí ìkànnì ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ní Dublin. Ẹ má dúró sórí orúkọ àti ọjọ́ orí tí wọ́n tẹ̀ síta. Ẹ ṣí àwòrán ìwé náà gan-an. Lórí ti 1911, wọ́n bi obìnrin tó wà nílé ọkọ pé ọdún mélòó ló ti ṣègbéyàwó, ọmọ mélòó ló bí láàyè, mélòó ló sì ṣẹ́ kù. Bó bá kọ 9 àti 6, ẹ mọ̀ pé ẹ ṣì ní ọmọ mẹ́ta láti wá nínú ìwé òkú. Ẹ tún wo ìwé kejì tí wọ́n ń pè ní Form B1, tó sọ iye yàrá, iye fèrèsé tó kọjú síta, irú òrùlé, àti orúkọ ẹni tó ni ilẹ̀ tí ilé náà wà lórí rẹ̀. Bí orúkọ onílẹ̀ bá yàtọ̀ sí ti baálé, àfàìmọ̀ ni kò jẹ́ alágbàṣe tó ń gbé lórí ilẹ̀ àgbẹ̀ kan. Fún ẹni tí wọ́n bí ní Írẹ́láńdì, káńtì nìkan ni wọ́n ń kọ sí ibi ìbí, ẹ má retí townland níbẹ̀.

Ọjọ́ orí inú ìwé méjèèjì kì í bára mu. Ẹni tó pe ara rẹ̀ ní ẹni 56 ní 1901 lè di ẹni 70 ní 1911. Òfin owó àwọn arúgbó tí wọ́n ṣe ní 1908 ló fà á. Láti ọjọ́ kìíní ọdún 1909, tálákà tó bá ti pé 70 lè gba tó ṣílè márùn-ún lọ́sẹ̀. Àmọ́ ìjọba kò tíì máa kọ ọjọ́ ìbí sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bí irú àwọn arúgbó bẹ́ẹ̀, torí náà ńṣe ni wọ́n ń kọ̀wé sí Dublin pé kí wọ́n bá àwọn wo ìkànìyàn 1841 tàbí 1851 bóyá orúkọ àwọn wà níbẹ̀. Ìwé ìkànìyàn yẹn ti jóná, ṣùgbọ́n ìwé ìbéèrè àwọn arúgbó náà ṣì wà, pẹ̀lú orúkọ bàbá, ìyá àti townland tí wọ́n kọ sórí rẹ̀. Ìṣúra ni. Ọ̀pọ̀ olùwádìí ni kì í dé ibẹ̀ rárá.

Ọ̀rọ̀ iná náà nìyí, torí àsọdùn pọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní Dublin, ilé ìpamọ́ ìwé tó wà nínú ọgbà ilé ẹjọ́ Four Courts jóná lọ́jọ́ 30 oṣù Kẹfà 1922. Ìkànìyàn 1821, 1831, 1841 àti 1851 bá a lọ, àfi àjákù díẹ̀. Èyí tó ju ìdajì ìwé Church of Ireland, ìyẹn ìjọ Áńgílíkà ibẹ̀, lọ jóná, ìwé ìhágún náà jóná. Àmọ́ iná kọ́ ló run ìkànìyàn 1861 àti 1871. Ìjọba fúnra rẹ̀ ló pa wọ́n run. Ti 1881 àti 1891, wọ́n lọ̀ wọ́n di bébà tuntun nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ìwé ìjọ Àgùdà kò sí lára ohun tó jóná, nítorí ọwọ́ àwọn fadá ní páríìṣì kọ̀ọ̀kan ló wà. Ẹni tó bá ní gbogbo ìwé ló jóná, iwájú ilẹ̀kùn ló ti padà.

Ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní 1 oṣù Kẹrin 1845 fún ìgbéyàwó àwọn tí kì í ṣe Àgùdà, ó sì di ti gbogbo ìbí, ikú àti ìgbéyàwó ní 1 oṣù Kìíní 1864. Irishgenealogy.ie ni kẹ́ ẹ lọ. Ìbí tó ti pé 100 ọdún, ìgbéyàwó tó ti pé 75 àti ikú tó ti pé 50 ni wọ́n ń gbé síbẹ̀, kò sì sówó tẹ́ ẹ máa san. Fún káńtì mẹ́fà tó di Northern Ireland, ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn 1921 wà ní Belfast. Ìwé ìgbéyàwó ló lẹ́rù jù, torí ó dárúkọ bàbá ọkọ àti bàbá ìyàwó pẹ̀lú iṣẹ́ wọn. Páríìṣì ìyàwó sì ni kẹ́ ẹ ti wá a, torí ibẹ̀ ni wọ́n sábà ń ṣe é. Ìwé ikú kì í dárúkọ òbí. Bẹ́ ẹ bá rí ọmọ tí ọjọ́ ìrìbọmi rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ ìbí, ẹ gba ti ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́: ẹni tó bá pẹ́ kó tó forúkọ ọmọ sílẹ̀ ń san owó ìtanràn, àwọn òbí sì máa ń kọ ọjọ́ tó pẹ́ ju ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ gan-an lọ kí wọ́n má bàa san án.

Kó tó di 1864, ìwé ìjọ Àgùdà lẹ máa gbára lé. Àwòrán wọn wà ní registers.nli.ie títí dé nǹkan bí 1880, ó lé ní 1,000 páríìṣì. Páríìṣì Àgùdà kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú páríìṣì ìjọba, orúkọ wọn lè yàtọ̀ pátápátá, nítorí náà àwòrán ilẹ̀ orí ìkànnì náà ni kẹ́ ẹ fi wá a. Ní àwọn ìlú ìlà-oòrùn, àkọsílẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ ṣáájú 1800. Ní etíkun ìwọ̀-oòrùn, ó lè di ẹ̀yìn 1820. Òfin tó tẹ àwọn Àgùdà mọ́lẹ̀ láti 1695 àti ìṣẹ́ ló fà á. Èdè Látìn ni wọ́n fi kọ púpọ̀ nínú rẹ̀: Jacobus ni James, Gulielmus ni William, Joannes ni John, Brigida ni Bridget, Honora lè jẹ́ Nora nílé. Orúkọ tí ìyá ń jẹ́ kó tó lọ sílé ọkọ sábà máa ń wà níbẹ̀, orúkọ àwọn òbí ìrìbọmi náà wà. Bí tọkọtaya méjì bá ń jẹ́ orúkọ kan náà ní páríìṣì kan, àwọn òbí ìrìbọmi yìí lẹ máa fi yà wọ́n sọ́tọ̀, torí àbúrò ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n bàbá ni wọ́n sábà ń jẹ́.

Lórí orúkọ ìdílé: “Ó” (tàbí O') tó máa ń ṣáájú orúkọ túmọ̀ sí ọmọ-ọmọ, “Mac” sì ni ọmọ. Lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ ló já a sọnù. Lẹ́yìn tí wọ́n dá ẹgbẹ́ èdè Conradh na Gaeilge sílẹ̀ ní 1893, àwọn kan dá a padà. Ẹ wá Sullivan, ẹ wá O'Sullivan, ẹ wá Ó Súilleabháin pàápàá ní 1911. Àwọn míì túmọ̀ tiwọn: ní Cavan, ọ̀pọ̀ Mac Gabhann, ìyẹn ọmọ alágbẹ̀dẹ, di Smith.

Ìwé ìdíyelé ilẹ̀ tí Richard Griffith bójú tó láti 1847 sí 1864 ni yóò so ìdílé mọ́ ilẹ̀. Ó wà lọ́fẹ̀ẹ́ ní askaboutireland.ie. Ẹni tó ń gbé orí ilẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀, kò sí ìyàwó, kò sí ọmọ. Ẹ ka ìlà kan láti òsì. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ti ilẹ̀ náà lórí àwòrán. Lẹ́tà ńlá, A tàbí B, ni ìpín inú rẹ̀. Lẹ́tà kékeré, a tàbí b, ni ilé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni orúkọ olùgbé, lẹ́yìn náà orúkọ ẹni tó ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tó wà lórí ilẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ ní éékà, rood àti perch (40 perch ni rood kan, rood mẹ́rin ni éékà kan), àti iye owó. Bí John Murphy méjì bá wà ní townland kan, wọ́n máa ń fi orúkọ bàbá sínú àkámọ́ lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀bùn ni ìran kan sí i yẹn jẹ́.

Ẹ fi èyí wé ìwé ìdámẹ́wàá, ìyẹn owó tí àwọn àgbẹ̀ ń san fún Church of Ireland, tí wọ́n kọ láàárín 1823 sí 1837. Àgbẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Ará ìgboro àti alágbàṣe tí kò nílẹ̀ kò sí. Ẹ ṣọ́ra fún éékà inú rẹ̀, éékà Írẹ́láńdì ló sábà jẹ́, tó tó 1.62 éékà Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tẹ́ ẹ rò pé ilẹ̀ rẹ̀ ti pọ̀ sí i nínú ìwé Griffith lè má gba ilẹ̀ kankan kún tirẹ̀.

Bí ìdílé kan bá wà nínú ìwé ìdámẹ́wàá tí kò sì sí nínú ti Griffith, Ìyàn Ńlá ló wà láàárín wọn. Àrùn pa pòtétò láti 1845. Ní 1841, èèyàn 8,175,124 ló wà ní Írẹ́láńdì. Ní 1851, ó ku 6,552,385. Ẹ má tètè kọ ọ́ pé wọ́n kú. Ẹ wá orúkọ náà ní townland tó yí i ká, kẹ́ ẹ wá a nínú ìwé àwọn aláìní ti union, kẹ́ ẹ wá a lókè òkun.

Kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ ṣí àwòrán ilẹ̀ àkọ́kọ́ ti Ordnance Survey, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ya àwòrán ilẹ̀, tí wọ́n wọ̀n kí ìyàn tó dé, kẹ́ ẹ fi í wé àwòrán Griffith tó ní nọ́ńbà, kẹ́ ẹ lè rí ilẹ̀ náà. Bí orúkọ townland bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Lis tàbí Rath, ẹ wo bóyá òbìrí kan wà nítòsí ilé wọn: odi amọ̀ tí àgbẹ̀ kan mọ yí ilé rẹ̀ ká ní ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí àwòrán tí wọ́n yà láti 1888 síwájú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ ka ilé ní méjèèjì. Níbi tí ilé mẹ́rìnlá ti sún mọ́ra lórí ti àkọ́kọ́, ẹ lè rí pápá kan ṣoṣo lórí ti ìkejì, kí òbìrí náà sì wà níbi tó wà.