Tí Ara Eléré Yín Bá Ti Yá, Ẹ Yọ Ọ́ Kúrò Ní IR Lọ́jọ́ Náà Gan-an: Fún Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Wọ Púùlù Họ́kì Ní Kánádà

Tí ẹ bá ti dé Kánádà tí ẹ sì ti ríṣẹ́, ìparí oṣù kẹsàn-án kan ń bọ̀ tí ẹnì kan níbi iṣẹ́ yóò bi yín pé ṣé ẹ ó bá wọn dá sí púùlù họ́kì. Kì í ṣe púùlù tí àwọn bàbá wa máa ń ta, tí wọ́n ń fi nọ́ńbà wá ọ̀mì. Fántásì ni. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó kó àwọn eléré NHL, líìgì họ́kì tó ga jù, jọ, gólì tí wọ́n bá gbá àti èyí tí kípà yín bá mú lálẹ́ ọjọ́ náà ni yóò di póìǹtì yín. Ẹ bá wọn ṣe é. Ní Winnipeg tí mo wà, ó tó oṣù mẹ́ta tí èmi àtàwọn ará ibi iṣẹ́ mi kò fi ní ọ̀rọ̀ míì ju "òtútù yìí mà pọ̀ o" lọ, àfi ìgbà tí mo wọ púùlù.

Ẹ ṣí áàpù, ẹ san owó, ẹ yan eléré yín lọ́jọ́ tí gbogbo yín bá jọ ń yàn. Ìyẹn ò le, ọmọ kékeré lè fi hàn yín. Ohun tó mú mi jókòó kọ èyí ni IR.

IR ni ààyè tí à ń gbé eléré tó farapa sí kí ó má baà gba àyè ẹni tó lè ṣeré. Tí ẹ bá gbé e síbẹ̀, àyè kan ṣí sílẹ̀, ẹ lè mú ẹlòmíràn. Ó dùn ún gbọ́, àbí? Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣubú.

Púpọ̀ nínú wa ló ti ń gbá FPL, fántásì bọ́ọ̀lù Premier League, láti ilé, èyí ló sì ń tàn wá jẹ. Nínú FPL, tí Salah ò bá wọlé, ẹni tó wà ní bẹ́ǹṣì yóò rọ́pò rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kan nǹkan kan. Tí ẹ bá tà á lónìí, ẹ lè rà á padà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, torí gbogbo ayé ló lè ní Salah lẹ́ẹ̀kan náà. Họ́kì ò rí bẹ́ẹ̀. Nínú líìgì ẹlẹ́ni mẹ́wàá, ẹnì kan ṣoṣo ló lè ní ìràwọ̀ bíi Connor McDavid. Ẹni tí ẹ bá já sílẹ̀ di ti ẹlòmíràn. Níbi tí àwa sì ti ń gbá, kò sí ẹni tí yóò bá yín gbé eléré dìde lórí bẹ́ǹṣì tàbí ní IR. Ọwọ́ yín ni.

Ẹ máa wo lẹ́tà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ eléré. Lórí Yahoo, áàpù tí àwa ń lò, ẹni tí wọ́n kọ IR, IR-LT (IR ọlọ́jọ́ gbọọrọ) tàbí O (kò ní ṣeré) sí lára lè wọ ààyè IR. Ẹni tí wọ́n kọ DTD sí lára, ìyẹn ẹni tí wọ́n ń wò lójoojúmọ́ bóyá yóò lè ṣeré, kò lè wọ̀ ọ́, àfi tí líìgì yín bá ní IR+, ìyẹn ààyè tó ń gba irú wọn. Ẹ bi kọmíṣọ́nà, ìyẹn ẹni tó ń darí líìgì yín, kí ẹ tó san owó: IR mélòó la ní, ṣé IR+ wà? Ẹ má tijú. Èmi tijú, mi ò bèèrè.

NHL fúnra rẹ̀ ní òfin tirẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá fi sí IR kò ní ṣeré fún ọjọ́ 7 ó kéré tán. Èyí tó gùn jù, LTIR, jẹ́ ọjọ́ 24 àti eré 10 ó kéré tán. Àwọn ẹgbẹ́ kì í sọ ohun tó ń ṣe eléré, "apá òkè ara" tàbí "apá ìsàlẹ̀ ara" ni wọ́n máa ń ní ó ń dùn ún, ẹ ò sì ní mọ̀ bóyá ìka ni àbí èjìká. Nítorí náà, ẹ má fi ìkánjú já ẹni ńlá sílẹ̀. Connor Bedard ti Chicago fọ́ egungun àgbọ̀n ní ọjọ́ 5 oṣù kìíní ọdún 2024, ó sì ti padà sórí yìnyín ní ọjọ́ 15 oṣù kejì. Ẹni tó gbé e sí IR rí i gbà padà.

Wàyí o, ẹ gbọ́ tèmi.

Oṣù kẹta ni, ọ̀sẹ̀ sẹmi-fáínà púùlù wa. Àwa 10 la dá dọ́là 50, owó náà ń dúró de ẹni tó bá borí. Wíńgà mi kan ti wà ní IR láti oṣù kìíní. Lọ́jọ́ Túsìdeè, wọ́n yọ lẹ́tà IR kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Mo rí i! Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà, mò ń lọ síṣẹ́ alẹ́, mo ní tí mo bá délé láàárọ̀ màá gbé e jáde. Mo délé, oorun gbé mi lọ. Alẹ́ Tọ́sìdeè, ó gbá gólì 2, ó tún ṣe àsísìtì kan. Ìgbà tí a sinmi láàárín òru ni mo ṣí fóònù wò ó. Òdo. Ohun tí eléré bá ṣe nígbà tó wà ní ààyè IR yín kì í wọlé fún yín, ì báà gbá gólì 10.

Mo ṣì ń sọ pé màá ṣe é ní Sátidé. Àárọ̀ Sátidé ni ìròyìn dé pé kípà mi farapa níbi ìgbáradì, DTD ni wọ́n kọ sí i lára, kò sì sí IR+ ní líìgì wa. Mo rí kípà kan tí kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, tí yóò ṣeré lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mo tẹ̀ ẹ́ láti mú un. Áàpù kọ̀. Ó ní ẹni tó wà ní IR mi kì í ṣe aláìsàn mọ́, mi ò lè mú ẹnikẹ́ni títí màá fi yọ ọ́. Kí n tó lè yọ ọ́, ó gbọ́dọ̀ ríbi jókòó, ẹgbẹ́ mi sì ti kún. Ó di dandan kí n já ẹnì kan sílẹ̀, ìṣẹ́jú 6 ló sì kù kí eré kípà yẹn bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Orúkọ méjì tò lé ara wọn, mo tẹ ti ìsàlẹ̀ dípò tòkè. Difẹ́ńdà mi tó dára jù lọ ni mo já sílẹ̀.

Ó bọ́ sí waiver ọlọ́jọ́ 2, ìyẹn àkókò tí ẹni tí wọ́n já sílẹ̀ fi ń dúró kí ẹlòmíràn tó lè mú un, mi ò lè mú un padà. Mo pe kọmíṣọ́nà, ó ní òun ò lè yí i. Póìǹtì 3 ni mo fi pàdánù. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọkùnrin tó nà mí ló mú difẹ́ńdà mi, òun ló fi gba fáínà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé "màá ṣe é lọ́la". Ọjọ́ tí wọ́n bá yọ lẹ́tà yẹn ni kí ẹ ṣe é, nínú bọ́ọ̀sì, lórí ìlà níbi tẹ́ ẹ ti ń ra nǹkan, níbikíbi. Kí ẹ sì ti mọ ẹni tí ẹ ó já sílẹ̀ kí ọjọ́ náà tó dé. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lójú tó mọ́lẹ̀, nígbà tí kò sí ẹni tó ń lé yín. Mo ti sọ èyí fún ọmọkùnrin kan tó dé láti Ìbàdàn lọ́dún tó kọjá, ó ní "ẹ̀gbọ́n, mo ti gbọ́", kó tó di oṣù kejìlá ó ti ṣe ohun kan náà. Inú bí mi.

Òun kan náà ni wọ́n rẹ́ jẹ nínú pàṣípààrọ̀. Ẹnì kan fún un ní eléré tó lórúkọ ńlá, ó ní ó kàn wà ní IR ni, yóò padà. Gbogbo ẹni tó ń ka ìròyìn ló ti mọ̀ pé kò ní padà títí àsìkò yóò fi parí. Nikita Kucherov ti Tampa Bay ṣe iṣẹ́ abẹ ní ìbàdí, kò gbá eré kankan nínú 56 tí wọ́n gbá nínú àsìkò 2020-21, ìgbà pléyọ́ọ̀fù, ìyẹn ìdíje ife tó ń tẹ̀ lé àsìkò, ló tó jáde, wọ́n sì gba ife. Pléyọ́ọ̀fù NHL kì í sí nínú ọ̀pọ̀ púùlù. Ẹ ka ìròyìn eléré fúnra yín kí ẹ tó gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, pàápàá ẹni tó ń bá yín rẹ́rìn-ín jù.

Mo ti fi aago sí fóònù mi báyìí, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, torí aago mẹ́fà ni àwọn eré ìlà-oòrùn máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Tí ẹ bá wà ní Edmonton tàbí Calgary, aago márùn-ún ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ tiyín. Ní Sátidé àti Sọ́ńdè, ẹ sún aago fóònù yín sí àárọ̀, eré ọ̀sán máa ń wà, tí eré eléré kan bá sì ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ò lè sún un kúrò níbi tó wà mọ́ lọ́jọ́ yẹn.