Bí mo ṣe kó sáfà mẹ́ta sínú àpótí kan ní Àkúrẹ́

Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ló ń ṣe sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí àwọn yòókù ń gba iṣẹ́ àti fáìlì lọ́dọ̀ rẹ̀, níléèwé aládàáni kan lójú ọ̀nà Oyèmẹ́kùn. Ọ̀kan ń ṣírò owó lórí Windows, ọ̀kan wà fún ìdánwò orí kọ̀ǹpútà, ìkẹta ń tọ́jú fáìlì àwọn olùkọ́. Bí iná ọba bá lọ, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á dojú kọ ínfátà, bátìrì ò sì ní pẹ́ kú. Màmá tó ni iléèwé ní, «Ọmọ mi, owó epo jẹnẹrétọ̀ yìí fẹ́ pa wá.» Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká kó gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀rọ kan ṣoṣo.

Hypervisor ni mo fẹ́ lò, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ kan ṣiṣẹ́ bíi kọ̀ǹpútà púpọ̀, irú èyí tí a ń gbé ka irin kọ̀ǹpútà gan-an, láìsí Windows kankan nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ fi wé onílé: àwọn kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ ni ayálégbé, kálukú ní yàrá tirẹ̀, ṣùgbọ́n kànga kan náà ni wọ́n jọ ń fà. ESXi, hypervisor ti VMware, ni mo mọ̀ ọ́n lò tẹ́lẹ̀, àmọ́ wọ́n fòpin sí ẹ̀dà ọ̀fẹ́ rẹ̀ ní 2024. Nígbà tí wọ́n fi máa dá a padà ní 2025, mo ti kó ẹrù mi lọ sọ́dọ̀ Proxmox VE, hypervisor mìíràn tó dúró lórí Debian (irú Linux kan) àti KVM (apá Linux tó ń gbé àwọn kọ̀ǹpútà inú ẹ̀rọ ró).

A ra HP Z440 tòkunbọ̀ tó ní RAM 64 GB. Mo tẹ F10 láti wọ BIOS, ibi ètò ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀rọ náà, mo tan VTx tó ń jẹ́ kó lè gba kọ̀ǹpútà míì sínú, mo gbé Proxmox wọlé láti orí fìláàṣì. Kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Láti orí láptọ́ọ̀pù mi ni mo ti ń darí rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ní pọ́ọ̀tù 8006. Nígbà tí apt, ohun tó ń fa ètò tuntun wá, sọ 401 fún mi, ìyẹn pé mi ò láṣẹ, mo pa ibi ìkó-ètò àwọn tó sanwó, mo tan ti àwọn tí kò sanwó, pve-no-subscription.

Ti ìṣírò owó ló fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín. Mi ò lè tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ẹni tó gbé ètò náà síbẹ̀ ti kúrò nílùú. Mo fi Disk2vhd da dísìkì àtijọ́ náà lódindi sí fáìlì kan, mo fi àṣẹ Proxmox, qm importdisk, gbé e wọlé, mo sì so ó mọ́ VirtIO, ọ̀nà dísìkì tí a ṣe fún kọ̀ǹpútà inú ẹ̀rọ, torí ó yá jù. Bí mo ṣe tàn án, ojú rẹ̀ di búlúù: INACCESSIBLE_BOOT_DEVICE. Màmá ti dúró sẹ́yìn mi. «Ṣé o ò tíì ba ìwé owó wa jẹ́ báyìí?» Mo ní, «Ẹ fọkàn balẹ̀, Mà, ògbólógbòó yẹn ṣì wà bó ṣe wà.» Ohun tó jẹ́ kí èmi náà lè mí nìyẹn.

Windows ò ní dráfà VirtIO nínú, ìyẹn ètò tó máa jẹ́ kó bá VirtIO sọ̀rọ̀, kò sì lè rí dísìkì tó yẹ kó ti dìde. Mo yí i sí SATA, ọ̀nà dísìkì àtijọ́ tí Windows ti mọ̀, ó dìde. Mo wá so dísìkì kékeré 1 GB kan mọ́ VirtIO, mo gbé dráfà wọlé láti inú ISO (fáìlì tó dà bíi CD) virtio-win, Windows sì dá kékeré yẹn mọ̀. Mo pa á, mo yọ kékeré, mo dá ńlá padà sí VirtIO. Ẹ má gbàgbé boot order o, ìyẹn títò dísìkì tí ẹ̀rọ máa kọ́kọ́ dìde láti orí rẹ̀. Wákàtí kan gbáko ni mo fi wá ohun tí ìṣẹ́jú kan lè tún ṣe.

Àwọn méjì yòókù ò yọ mí lẹ́nu. Mo ṣètò pé kí HP dìde fúnra rẹ̀ bí iná bá padà, kí sáfà fáìlì ṣáájú, kí ti ìdánwò tẹ̀ lé e, kí Windows kẹ́yìn. Mo ní kí bákọ́ọ̀pù, ìyẹn ẹ̀dà ìpamọ́, máa wáyé ní aago mọ́kànlá alẹ́. Ọmọ iṣẹ́ mi ló bi mí pé, «Ọ̀gá, dísìkì kan náà lẹ ń kó o sí?» Ojú tì mí, torí bí dísìkì yẹn bá bàjẹ́, bákọ́ọ̀pù náà á bá a lọ. A ra dísìkì ìta lọ́jọ́ kejì.

Lọ́jọ́ Sátidé mo fa wáyà tu kí Màmá lè rí i. Mo tún fi wáyà náà sí i padà. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dìde ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Inú wọn dùn débi pé nígbà tí mo padà débẹ̀ ní Monday, aṣọ àdìrẹ ni wọ́n fi bo ẹ̀rọ náà nítorí eruku. Ó ti gbóná bí ààrò. Mo rọra ká aṣọ náà, mo gbé e lé wọn lọ́wọ́.