Bẹ́ ẹ ṣe lè kọ ìtàn ìlú orí òkè tẹ́ ò dé rí: Banaue ní Fílípìnì, láti Ẹ̀pẹ́ níbí

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ibi tọ́rọ̀ yìí ti ṣẹ̀ wá. Mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́ níbí ní Ẹ̀pẹ́, tẹ́mù tó kọjá ni ọmọ kan gbé pọ́rójẹ́ẹ̀tì wá láti iléèwé, wọ́n ní kí oníkálukú mú ìlú orí òkè kan nílẹ̀ òkèèrè kó kọ ìtàn ẹ̀ àti bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí. Òun mú Banaue ní Fílípìnì torí ó rí àwòrán ẹ̀ lórí fóònù ìyá ẹ̀. Kó tó dé ọ̀dọ̀ mi ó ti kọ ojú ìwé mẹ́ta, íntánẹ́ẹ̀tì ló ti dà á kọ látòkèdélẹ̀, mo wá bi í pé kí ni barangay tó kọ síbí yìí, ó ní "Bọ̀dá, mi ò mọ̀, bó ṣe wà níbẹ̀ nìyẹn." La bá tún un bẹ̀rẹ̀. Bá a ṣe ṣe é ni mo fẹ́ kọ síbí, torí mo mọ̀ pé òbí tí irú iṣẹ́ yìí máa ń já lé lórí lálẹ́ ọjọ́ Sunday pọ̀, àṣìṣe témi fúnra mi ṣe náà wà ńnú ẹ̀.

Ẹ má tíì fọwọ́ kan ìtàn o. Ibi táwọn èèyàn ti ń kó sí wàhálà nìyẹn, wọ́n á ti fẹ́ máa kọ "ìlú yìí dẹ̀ tẹ̀dó lọ́dún báyìí báyìí", nígbà tí wọn ò tíì mọ bóyá orí òkúta nìlú ọ̀hún wà tàbí inú ẹrẹ̀. Ẹ ṣí máàpù Google, ẹ yí i sí ti sátẹ́láìtì. Erékùṣù ni Fílípìnì, ó lé ní 7,600, èyí tó tóbi jù nínú wọn ni Luzon tó wà lápá àríwá, Luzon yìí náà ni Manila tó jẹ́ olú ìlú wọn wà. Ẹ máa fi ìka ti máàpù náà lọ sókè láti Manila, ẹ máa rí ibì kan tó ṣe wúnjẹwùnjẹ bí aṣọ tí wọn ò lọ̀, àwọn òkè Cordillera nìyẹn, àárín ibẹ̀ ni Banaue wà. Téèyàn bá wọ bọ́ọ̀sì ní Manila, nǹkan bí 350 kìlómítà ni, òru mọ́jú ni wọ́n fi ń lọ. Òkè tó ga jù ní gbogbo Luzon, Pulag, wà ní ààlà ìpínlẹ̀ wọn, ó ju 2,900 mítà lọ. Ìlú Banaue fúnra ẹ̀ ju 1,000 mítà lọ sókè òkun.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ tó ń fi sílípáàsì sọ̀ kalẹ̀ láti ẹnu ilé ẹ̀ lọ bá ọ̀sà, 1,000 mítà ò yé e. Torí náà ẹ wá nǹkan tó mọ̀ fi wọ̀n ọ́n. Mo ní wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, àjà kan á tó mítà mẹ́ta, to irú àjà bẹ́ẹ̀ léra lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún ó lé, orí ẹ̀ lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń gbin ìrẹsì. Ó la ẹnu.

Ohun tó kàn, ẹ wá omi. Ibikíbi tẹ́ ẹ bá ń kọ nípa ẹ̀, ẹ wò ó pé omi ibẹ̀ ń ti ibo bọ̀ ó ń re ibo. Lọ́dọ̀ tiwa gbogbo ẹ̀ ọ̀sà ló ń bọ́ sí, kò ní wàhálà. Ti Banaue, omi òjò ń sọ̀ kalẹ̀ látinú igbó orí òkè, á gba inú oko ìrẹsì kọjá, á bọ́ sínú àwọn odò kéékèèké nísàlẹ̀ àfonífojì, àwọn yẹn á lọ bá odò Magat, Magat á lọ bá odò Cagayan tó gùn jù ní gbogbo Fílípìnì, òun ló wá ń lọ sínú òkun lápá àríwá. Ọmọ tó bá lè fi ìka tọ ipa omi yìí lórí máàpù láì wo ìwé, iṣẹ́ ẹ̀ ti dé ìdajì.

Ti ìjọba wọn, ẹ rọra, torí ó rọrùn láti fi tiwa wé tiwọn kó sì dà rú. Wọ́n ní ẹkùn, Cordillera Administrative Region, ìjọba Corazon Aquino ló dá a sílẹ̀ ní 1987. Abẹ́ ẹ̀ ni ìpínlẹ̀ Ifugao wà, tí wọ́n gé kúrò lára Mountain Province ní 1966, Lagawe ni olú ìlú ẹ̀, municipality 11 ló wà níbẹ̀, Banaue jẹ́ ọ̀kan. Municipality yìí ló jọ lókà gọ́fúmẹ́ǹtì wa, ó ní méyọ̀ àti igbákejì ẹ̀, ó ní kánsílọ̀ mẹ́jọ tí wọ́n ń dìbò yàn, ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni sáà wọn. Ó tún wá pín sí barangay, Banaue ní 18. Orúkọ barangay yìí, wọ́n ní ara balangay ló ti wá, ìyẹn ọkọ̀ ojú omi, torí àwọn ará etíkun ló ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún tẹ́lẹ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀ ayé, lórí òkè lọ́hùn-ún tí wọn ò ti ń tukọ̀, orúkọ ọkọ̀ ni wọ́n ń pe àdúgbò, àwa tá à ń gbé ẹ̀gbẹ́ omi ń pe tiwa ní wọ́ọ̀dù.

Ọmọ náà wá bi mí pé, "Bọ̀dá, ta ni Ọba wọn?" Ìbéèrè gidi ni, torí gbogbo ìtàn ìlú tó ti gbọ́ rí, Ọba ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Wọn ò lọ́ba. Àwọn Ifugao ní olówó tó nílẹ̀ tó lóko ìrẹsì rẹpẹtẹ, kadangyan ni wọ́n ń pè wọ́n, ẹni tó ń ṣètùtù fún wọn ń jẹ́ mumbaki, ẹbí ló sì ń bára wọn ṣàdéhùn tí ìjà bá ṣẹlẹ̀, àmọ́ adé kankan ò sí. Ẹ má fipá yan ọba fún wọn nínú ìwé yín. Mo ti rí ibi tẹ́nì kan kọ "Kábíyèsí Banaue" rí, ẹ̀rín pa mí.

Ó wá ku oko ìrẹsì tí wọ́n gé bí àtẹ̀gùn sára òkè, tí gbogbo ayé fi mọ̀ wọ́n, kò sẹ́ni tó lè fẹnu lásán ṣàlàyé ẹ̀ fọ́mọdé. Wọ́n ń kọ́lé lọ́wọ́ lẹ́yìn ibi tá a ti ń ṣe lẹ́sìn, mo tọrọ iyanrìn díẹ̀ lọ́wọ́ bíríkìlà, a wọ́n omi sí i, a kó o jọ títí ó fi tó orúnkún ọmọ náà. Mo ní kó da omi kẹ́tùlù sí i lórí. Omi yẹn la ihò gbọọrọ sáàárín ẹ̀, gbogbo ẹrẹ̀ ṣàn wá bá wa lẹ́sẹ̀. Ó dáa, a tún un kó jọ, a wá fi ṣíbí gé e ní ìpele mẹ́rin bí àtẹ̀gùn, a fi amọ̀ àti àfọ́kù búlọ́ọ̀kù ṣe etí ìpele kọ̀ọ̀kan kó ga díẹ̀ kí omi lè dúró ńnú ẹ̀, a fi ìka lu ojú kékeré sí i kí èyí tó bá pọ̀ jù lè máa yọ́ bọ́ sí ìpele tó wà nísàlẹ̀. Ó tún da omi. Ti òkè kún, ó dúró, ó wá ń yọ́ bọ́ sí ìkejì, ìkejì kún ó bọ́ sí ìkẹta, nígbà tó fi máa dé ilẹ̀ kò ní ìkánjú kankan nínú mọ́. Ọmọ yẹn bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ má dúró níbẹ̀. Mo fi àtàǹpàkò ti etí ìpele kejì wó. Ó kó ìkẹta lọ, ó kó ìkẹrin. Nígbà yẹn ló wá yé e pé tẹ́nì kan bá pa oko ẹ̀ tì lórí òkè yẹn tó lọ wáṣẹ́ sí Manila tàbí Baguio, oko ẹni tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ wà nínú ewu, àwọn ọ̀dọ́ tó sì ń lọ pọ̀. A tún wá fi koríko bo orí òkìtì náà, omi tá a dà kò já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan mọ́. Igbó orí òkè tí wọ́n ń pè ní muyong nìyẹn, ẹbí kọ̀ọ̀kan ló ni tiẹ̀, ó ń di omi mú fún oko, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń rí igi dáná àti igi kọ́lé. Tí muyong bá tán, oko tán.

A lè wá fọwọ́ kan ìtàn báyìí. Àṣìṣe témi ṣe nìyí. Mo sọ fún ọmọ náà pé oko àtẹ̀gùn wọ̀nyẹn ti wà láti 2,000 ọdún, torí bí wọ́n ṣe kọ ọ́ síbi gbogbo nìyẹn, mo fẹnu ara mi sọ ọ́ bí ẹni tó wà níbẹ̀. Ìgbà tí mo kàwé síwájú ni mo rí i pé àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà bíi Otley Beyer, tó lọ ṣe tíṣà ní Banaue ní nǹkan bí 1905, ló gbé ọdún gbọọrọ yẹn jáde, ìfojúdíwọ̀n ni, wọ́n ń wo bí iṣẹ́ ọ̀hún ṣe pọ̀ tó. Nígbà tó yá ọ̀jọ̀gbọ́n Stephen Acabado àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wa ilẹ̀ ní Kiangan tó wà nítòsí Banaue, wọ́n yẹ èédú àti èérún ìrẹsì wò, ohun tí wọ́n rí ni pé oko ìrẹsì olómi lórí òkè yẹn ò ju nǹkan bí 400 ọdún lọ, ó bọ́ sí ìgbà táwọn Spéìn dé. Àwọn Spéìn gba Manila ní 1571, wọ́n ń tì lọ sápá àríwá, àwọn tí kò fẹ́ san ìṣákọ́lẹ̀ ní àfonífojì Magat sì sá gòkè lọ bá àwọn tó ti wà lókè, èrò pọ̀, wọ́n wá ń gbin ìrẹsì kí gbogbo wọn lè jẹun. Àwọn kan ṣì gbà pé ó pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà tẹ́ ẹ bá ń kọ ọ́, ẹ kọ ọ̀nà méjèèjì pẹ̀lú orúkọ ẹni tó sọ ọ́. Ọ̀nà kan ò wọjà.

Èmi gba ti Acabado gbọ́, mi ò fi bò. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ló sì yẹ kó tètè yé jù. Ní 1851 táwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn àgbá lé Kòsọ́kọ́ kúrò l'Ékòó, ibo ló kó àwọn èèyàn ẹ̀ gbà? Ẹ̀pẹ́ níbí náà ni, títí dòní Ẹ̀pẹ́ ní Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ ó ní Èkó Ẹ̀pẹ́. Torí náà tẹ́ ẹ bá ti mọ ibi tí ilẹ̀ wà, ìbéèrè tẹ́ ẹ máa bi ìtàn ni pé ta ló ń sá fún ta. Mo bi ọmọ náà pé kí ló dé táwọn Spéìn ò lè ṣẹ́gun òkè Ifugao bọ̀rọ̀, ó ronú, ó ní "Ẹṣin ò lè gun àtẹ̀gùn." Mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọdún yòókù ẹ lè yára kọ wọ́n. Amẹ́ríkà gba Fílípìnì lọ́wọ́ Spéìn ní 1898, wọ́n dá Mountain Province sílẹ̀ ní 1908. Nígbà ogun àgbáyé kejì, Kiangan yìí náà ni ọ̀gágun Yamashita ti Jàpáànù ti jọ̀wọ́ ara ẹ̀ ní September 2, 1945, lọ́jọ́ kejì ó fọwọ́ síwèé ní Baguio. Fílípìnì gba òmìnira ní July 4, 1946.

Ti UNESCO ńkọ́, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ àti àṣà, àṣìṣe kejì wà níbẹ̀, kì í ṣèmi nìkan ló ń ṣe é. Wọ́n kọ àwọn oko wọ̀nyí mọ́ ogún àgbáyé ní 1995, àmọ́ apá márùn-ún ni, méjì lára wọn, Batad àti Bangaan, ló wà lábẹ́ Banaue. Èyí táwọn àlejò máa ń dúró lẹ́bàá ọ̀nà Banaue ya fọ́tò, èyí tí wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn owó 20 piso wọn lọ́dún 2010, kò sí nínú ẹ̀ torí ilé ìgbàlódé ti pọ̀ láàárín ẹ̀. Ní 2001 wọ́n fi wọ́n sínú àwọn tó wà nínú ewu, ní 2012 wọ́n yọ wọ́n.

Ẹ má ṣe túmọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ wọn tipátipá. Tinawon ni ìrẹsì wọn tí wọ́n ń gbìn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, "ọdún" ló wà nínú orúkọ ẹ̀. Hudhud ni orin ìtàn táwọn obìnrin máa ń dá tí wọ́n bá ń kórè tàbí tí wọ́n bá ń ṣòkú, ó lè gba ọjọ́ mélòó kan kó tó parí, ó jọ ìjálá wa níbi tó gùn dé àmọ́ kì í ṣe ìjálá. Bulul ni ère onígi tó ń ṣọ́ ìrẹsì, méjì méjì ni wọ́n sábà máa ń gbẹ́ ẹ, takọ tabo. Ọmọ náà ti kọ "òrìṣà" síbẹ̀, mo ní kó kọ bulul kó sì sọ iṣẹ́ tó ń ṣe, kí ẹni tó ń kà á fúnra ẹ̀ dárúkọ tó bá fẹ́ fún un.

Tẹ́ ẹ bá parí, ẹ wá ẹni tí kò mọ nǹkankan nípa ibẹ̀, ẹ kà á sí i létí. Ìyá ọmọ náà la kà á fún, ó ń ta ẹja l'ọ́jà Olúwo, ó ń fi ọ̀bẹ yọ ìpẹ́ lọ́wọ́ bó ṣe ń gbọ́. Ó gbọ́ ọ dé òpin. Ó ní, "Ẹ ṣeun. Wọ́n ò wá ń jẹ nǹkan omi ni?" A ò kọ lẹ́tà kan nípa ìyẹn. A padà lọ wá a, a fi ìpínrọ̀ kan kún un: wọ́n máa ń ṣa ìṣáwùrú nínú omi oko ìrẹsì, àmọ́ lẹ́yìn 1980 wọ́n kó oríṣi kan wọ orílẹ̀-èdè náà láti Gúúsù Amẹ́ríkà, aláwọ̀ wúrà, wọ́n ní kí wọ́n máa sìn ín jẹ kí wọ́n máa tà á, ló bá bọ́ sóko, ló bá ń jẹ ọ̀dọ́ ìrẹsì, títí dòní wọ́n ṣì ń ṣa á dà nù.

A tún kà á fún un. Ó gbé ọ̀bẹ dúró. "Ìṣáwùrú ni wọ́n ń dà nù? Kí wọ́n kó o wá s'Ólúwo níbí."

Ọmọ náà ti kọ ìyẹn náà sílẹ̀, mo ní kó pa á rẹ́.