Máàpù àgbàrá yín ò jọ ilẹ̀? Ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó pè mí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi RUSLE (ìṣirò tí wọ́n fi ń díwọ̀n erùpẹ̀ tí àgbàrá ń gbé lọ) ṣe project lórí àwọn òkè Ethiópíà, ìbéèrè kan náà lẹ ń bi mí. R (agbára òjò), K (bó ṣe rọrùn tó fún omi láti gbé erùpẹ̀), LS (gígùn àti ìdagẹ̀rẹ̀ òkè), C (ohun tó bo ilẹ̀), P (iṣẹ́ tí wọ́n ṣe láti dáàbò bo ilẹ̀), ẹ lọ́po gbogbo ẹ̀ mọ́ra wọn, ẹ máa rí iye tọ́ọ̀nù erùpẹ̀ tí àgbàrá ń gbé lọ lórí hẹ́kítà kan lọ́dún. Kí ló wá ṣe yín?

Gbogbo òkè mi dà bí ògiri, slope (ìdagẹ̀rẹ̀) ń lọ sí 90 dìgírì.
Dátà gíga ilẹ̀ yín ṣì wà ní latitude àti longitude. Ẹ gbé e sí UTM 37N, tó ń fi mítà wọn ilẹ̀. Ó tán.

Mo fi P sí 1 níbi gbogbo.
Ní Tigray, lápá àríwá Ethiópíà, níbi tí wọ́n ti fi òkúta to ebè káàkiri ara òkè? Ẹ tún un ṣe jàre.

Tọ́ọ̀nù yìí pọ̀ jù.
Ẹ fi òjò ọdún ṣírò R bíi ti Hurni, onímọ̀ nípa ilẹ̀, 0.562P − 8.12 (P ibí yìí, mílímítà òjò ni o), ẹ wá gbé K oníwọ̀n Amẹ́ríkà tì í. Bí R yín bá wà ní ìwọ̀n mẹ́tíríìkì (MJ àti mílímítà), ẹ kọ́kọ́ fi 0.1317 lọ́po K yẹn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ èsì yín á ju bó ṣe yẹ lọ ní ìlọ́po méje ààbọ̀.

LS mi ní ihò ihò.
Háà, èyí! Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi bá a jà. Ihò funfun gba ara òkè lọ ní ìlà ìlà bí aṣọ òfì, mo ní SRTM (dátà gíga ilẹ̀ tí mo daunlóòdù) ló bàjẹ́, mo daunlóòdù ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, mo ń dí ihò, kàkà kó sàn lára ìyá àjẹ́. Ìgbà tó sú mi ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ inú ihò lọ́kọ̀ọ̀kan láti wo slope ibẹ̀: 5, òmíì 11, òmíì 4, àṣé ibi tó bá ti wà láàárín 3.14 sí 6.28 ló ń ṣófo, 9.42 sí 12.57 náà bẹ́ẹ̀. 3.14 kẹ̀! Mo pariwo nìkan nínú yàrá. Raster calculator (irinṣẹ́ tó ń ṣe ìṣirò lórí máàpù) ti ka dìgírì mi sí radian (ìwọ̀n igun míì), sin 5 wá di −0.96, ẹ sì ní kó gbé nọ́ńbà tó ti wọlẹ̀ kọjá òdo sí agbára 1.3, ibo ló ti fẹ́ rí i ṣe? Ẹ fi 0.01745 lọ́po slope kẹ́ ẹ tó wá ṣírò sin (sine) ẹ̀. Ẹ má kàn dí ihò o, torí ibi tí ò ní ihò gan-an, irọ́ ló ń pa.

Etí odò pọ́n bí ata.
Omi gbogbo òkè ló kójọ síbẹ̀ nínú flow accumulation (ìṣirò ibi tí omi ń ṣàn kójọ sí). Odò kì í ṣe oko, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Kòtò ńlá tí àgbẹ̀ fi hàn mí ò sí lórí máàpù.
Kò lè sí níbẹ̀. Erùpẹ̀ tó ń ṣí lójú ilẹ̀ àti ojú àgbàrá tín-ín-rín ni RUSLE ń kà, kì í ka kòtò. Níbí, ẹ fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀, ẹ wá ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ rìn wọn kòtò, kó tẹ̀ lé yín lọ, kẹ́ ẹ sì mú development agent (òṣìṣẹ́ tó ń tọ́ àgbẹ̀ sọ́nà) kebele (àdúgbò) yẹn dání, òun ló mọ ọdún tí kòtò náà bẹ̀rẹ̀.