Bí Mo Ṣe Kó Ìbínú Ọdún 3 Kúrò Lọ́kàn
Láti ìgbà tí èmi àti alájọṣòwò mi ti pínyà ni ìbínú ti gba ọkàn mi, tí n kò sì lè dáwọ́ lé òwò mìíràn. Ọ̀nà tí James Pennebaker, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, dán wò, tó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1986, ni mo lò: mo ń kọ ohun tó ń dùn mí sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 lálaalẹ́ fún ọjọ́ 4, láìbìkítà fún àṣìkọ (ìyẹn sì nira fún ẹni tó ti ṣe tíṣà rí). Èébú lásán ni ti alẹ́ àkọ́kọ́. Alẹ́ kẹta ni mo rí i pé ara mi gan-an ni mò ń bínú sí, nítorí pé mo ti fura sí alájọṣòwò mi tipẹ́, mo sì dákẹ́. Mo sun ìwé náà. Lọ́sẹ̀ kejì, mo ra ẹ̀rọ ìránṣọ.